Ọjọ́ mẹ́jọ lórí kẹ̀kẹ́ ológeere: èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lórí òkè Tramuntana ní Mallorca

Sátidé

Aago kan ọ̀sán kọjá díẹ̀ nígbà tí bààlúù wa balẹ̀ sí Palma, láti London síbẹ̀ ò tó wákàtí mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi ló jókòó sẹ́bàá wíńdò, bí a ṣe ń sún mọ́lẹ̀ ló rí òkè yẹn tó tò lọ lẹ́bàá òkun bí ẹ̀yìn ọ̀nì, ó gbá mi lápá, "Àbúrò, ṣé èyí la fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ gùn?" Mo ní "Òun ni, sà." Kò sọ nǹkan kan mọ́ títí a fi balẹ̀.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹni tí ò mọ ibẹ̀. Erékùṣù ni Mallorca, abẹ́ Spéìnì ló wà, àárín òkun Mẹditaréníà. Òkè tí mò ń wí yìí, Serra de Tramuntana ni wọ́n ń pè é, ó gba gbogbo etíkun ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn lọ bí kìlómítà 90, èyí tó ga jù nínú ẹ̀, Puig Major, lé ní mítà 1,400. Orúkọ afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láti àríwá náà ni Tramuntana, ẹ máa gbọ́ nípa afẹ́fẹ́ yẹn lọ́la. Títì kan ṣoṣo ló la òkè náà já láti ìkángun kan dé ìkejì, MA-10, láti Andratx dé Pollença, àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ láti gbogbo Yúróòpù ló ń wá síbẹ̀ torí títì yẹn.

Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni wọ́n bí wa sí, òkè kì í ṣe àjèjì sí wa, tí o bá ti jí láàárọ̀ Olósunta lo máa kọ́kọ́ rí. Kẹ̀kẹ́ Raleigh ni bàbá wa máa ń gbé lọ oko, ẹ̀gbọ́n mi ló sì máa ń bá wọn tì í tí wọ́n bá ti dé ibi tó ga, pẹ̀lú iṣu lẹ́yìn ẹ̀. Ó wa bọ́ọ̀sì ní London fún ọdún 22, èṣí ló rìtáyà, oṣù kejì tó rìtáyà ló ra kẹ̀kẹ́, ó ní òun ti jókòó tó. Gbogbo ìgbà òtútù la fi ń lọ sí Box Hill ní Surrey ní òwúrọ̀ Sọ́ńdè, òkè kékeré ni o, kìlómítà méjì àti ààbọ̀ péré, ìgbà mẹ́ta mẹ́rin la máa ń gùn ún kí ẹsẹ̀ wa lè mọ̀.

A rẹ́ǹtì kẹ̀kẹ́ ní Port de Pollença. Nǹkan kan wà níbẹ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀: ní Bìrìtìkó, búrèkì ọwọ́ ọ̀tún ló ń di táyà iwájú mú, ní Spéìnì ọwọ́ òsì ni. Tí ẹ ò bá bi wọ́n, tí ẹ wá fún búrèkì òdì pinpin nínú kọ́nà, ẹ máa fò kọjá orí kẹ̀kẹ́ ni. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n pààrọ̀ tiwa sí ti London, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni wọ́n fi ṣe é. Ọwọ́ ọ̀tún títì ni wọ́n ń gbà níbẹ̀ bíi ti ilé, Nàìjíríà ti ń gba ọ̀tún láti 1972, ṣùgbọ́n ẹni tó ti wa bọ́ọ̀sì lọ́wọ́ òsì fún ọdún 22 gbọ́dọ̀ máa rán ara ẹ̀ létí, pàápàá ní ráńdàbáòtù. Mo lẹ bébà kékeré mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àwa méjèèjì, mo kọ Ọ̀TÚN sí i gàdàgbà.

Sọ́ńdè

Cap de Formentor, ìkángun erékùṣù náà lápá àríwá. Bí kìlómítà 20 ni láti Port de Pollença dé ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, ìwọ̀n náà ni o sì máa gbà padà, kò sí ọ̀nà míì. Mo ti rò pé ọjọ́ ìmárale lásán ni, torí kò jìn. Irọ́ ni. Ọ̀nà yẹn ò tẹ́ rárá, bó ṣe ń gòkè ló ń sọ̀kalẹ̀, tó o bá tún yí ojú o ti tún ń gòkè.

Òkè àkọ́kọ́ ò tó kìlómítà mẹ́rin, ó gbé ẹ dé mítà 230 sókè òkun, ibẹ̀ ni ibi ìwòran Es Colomer wà, tó o bá fi ẹsẹ̀ rìn dé etí ibẹ̀ wàá rí i pé ilẹ̀ kàn gé dànù ni, òkun wà nísàlẹ̀ pátápátá, àwọ̀ aró. Èmi ò lè wò ó pẹ́. Lẹ́yìn ẹ̀ o máa já sínú igbó igi páìnì tó ń ta sánsán, ibẹ̀ tútù, ó tẹ́, ibẹ̀ nìkan ni èèyàn ti lè sinmi ẹsẹ̀, kí ọ̀nà tó wọ inú tọ́nẹ́ẹ̀lì kan tó ṣókùnkùn. Ẹ gbé iná dání! Iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, torí mọ́tò tó ń bọ̀ látinú oòrùn ò ní rí yín.

Níbi tí a ti jáde nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì ni afẹ́fẹ́ ti bá wa, ó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ó fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ mi ní kọ́nà kan báyìí, mo ní láti tẹ ara wálẹ̀ kí n sì di ìsàlẹ̀ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mú. Ẹ̀gbọ́n ń pariwo lẹ́yìn mi, "Má bá a jà! Jẹ́ kó gbé ẹ díẹ̀, kó o rọra dá a padà!" Bó ṣe máa ń ṣe bọ́ọ̀sì alájà méjì lórí afárá nìyẹn, ó ní tó o bá gan ọwọ́ pa, afẹ́fẹ́ á borí ẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì rọlẹ̀.

Ewúrẹ́ ló pọ̀ jù lórí ọ̀nà yẹn, wọ́n á dúró ságbedeméjì títì, wọ́n á máa wò ẹ́, wọn ò sì ní kúrò. Ọdún 1863 ni wọ́n tan iná ilé iná náà, ó lé ní mítà 200 sókè òkun, ìgbà yẹn kò tíì sí títì rárá. Ẹnjiníà tó wá la títì náà lẹ́yìn ìgbà yẹn, Antoni Parietti, ẹ rántí orúkọ ẹ̀, a máa padà bá a ní Túsìdeè. Nígbà ẹ̀rùn wọn níbẹ̀ wọ́n máa ń dí mọ́tò lọ́nà láti má wọ ọ̀nà yẹn lọ́sàn-án, oṣù kẹrin la lọ àwa, mọ́tò pọ̀ díẹ̀, ẹni tó bá lè jí ní kùtùkùtù kó jí.

Mọ́ńdè

Òjò lórí òkè, kùrukùru bò ó mọ́lẹ̀, a ò sún mọ́ ọn. A gba pẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ sí Petra, ọ̀nà tín-ín-rín láàárín ògiri òkúta àti igi álímọ́ńdì, ó rọrùn bí ẹni ń ṣeré. Petra ni wọ́n bí àlùfáà tó lọ dá àwọn ilé ìjọsìn sílẹ̀ ní Kalifọ́níà sí, Junípero Serra, ilé kékeré ni ilé wọn. Kọfí dára lójúde ibẹ̀. Kìlómítà 80, kò sí nǹkan tí mo tún fẹ́ sọ nípa ẹ̀.

Túsìdeè

Sa Calobra. Torí ẹ̀ la ṣe wá.

Aago méje ku díẹ̀ la ti wà lórí kẹ̀kẹ́, torí bọ́ọ̀sì àwọn arìnrìn-àjò máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dé tó bá di nǹkan bí aago mẹ́wàá, títì yẹn ò sì gba bọ́ọ̀sì ńlá àti kẹ̀kẹ́ papọ̀ nínú kọ́nà. Láti Pollença, Coll de Femenia ni òkè àkọ́kọ́, kìlómítà méje àti ààbọ̀, kò le púpọ̀, igi oaku ló ṣíji bò ó. Lẹ́yìn ẹ̀ ni àwọn ilẹ̀ Lluc, níbi tí ilé àwọn mọ́ǹkì wà láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá, ère Màríà dúdú kan wà níbẹ̀ tí gbogbo erékùṣù ń bọ̀wọ̀ fún, La Moreneta ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀gbọ́n ní ká yà kí òun rí i. A yà. Ó dúró níwájú ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó bọ́ hẹ́lmẹ́ẹ̀tì, kò sọ nǹkan kan, a jáde.

Nǹkan tó yàtọ̀ ní Sa Calobra ni pé kì í ṣe pé o máa gòkè kó o tó sọ̀. O máa gòkè díẹ̀ dé Coll dels Reis, mítà 682, lẹ́yìn náà o máa sọ̀kalẹ̀ kìlómítà mẹ́sàn-án àti ààbọ̀ dé etí òkun, títì sì parí síbẹ̀. Ó parí pátápátá. Àfi kó o wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Port de Sóller, tàbí kó o yí padà kó o gun gbogbo nǹkan tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ayọ̀ sọ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀kalẹ̀ ni mò ń ka gbogbo kọ́nà, tí mò ń sọ lọ́kàn pé èmi náà ni mo máa san gbèsè yìí.

Parietti yẹn náà ló la ọ̀nà yìí ní ọdún 1932. Wọ́n ní ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ, pẹ̀lú ṣọ́bìrì àti dìgà, òkúta tí wọ́n bá gé lókè ni wọ́n kó dí ibi tó jin nísàlẹ̀. Kò fẹ́ ihò nínú òkè, kò fẹ́ kí ó ga gọngọ, ó fẹ́ kí ìdàgẹ̀rẹ̀ náà ṣe dọ́gba látòkè délẹ̀, torí náà ni títì ṣe ń lọ́ bí ejò tó fẹ́ sá fún iná. Ibì kan wà lókè tó lọ́ débi pé ó yí po tán ó sì gba abẹ́ ara ẹ̀ kọjá, títì lórí títì, Nus de sa Corbata, bí ẹni ta kókó táì sọ́rùn. Mo dúró lórí afárá yẹn, mo wo ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọjá lábẹ́ mi, ó gbójú sókè, ó juwọ́. Ọdún tó ti wa bọ́ọ̀sì, ó ní òun ò rí ẹnjiníà tó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lójú títì tó èyí rí.

Nísàlẹ̀, a jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ méjì-méjì pẹ̀lú kúlíkúlí tí ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi dì fún wa, a rìn dé ibi tí Torrent de Pareis ti wọ òkun, àárín òkúta gígagíga méjì, a rọ omi kún ìgò. Lẹ́yìn náà a yí kẹ̀kẹ́ padà.

Ìdá méje nínú ọgọ́rùn-ún ni gígùn yẹn lápapọ̀, ìyẹn ni pé tó o bá rìn mítà 100 o ti gòkè mítà méje, kò dẹwọ́. Kìlómítà mẹ́ta àkọ́kọ́, ara mi yá gágá, ọjọ́ orí mi 41, mo ti rò ó pé máa dé òkè máa dúró de ẹ̀gbọ́n. Mo fi í sílẹ̀. Ọkàn mi ń lù, mo ń wo fóònù tó wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ tó ń kọ iye kìlómítà, mo rí i pé mò ń yára, inú mi dùn. Ní kìlómítà karùn-ún, oòrùn ti jáde, òkúta funfun ń da ooru padà sí mi lójú, ẹsẹ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, mo wá jíà tó rọ̀ jù, mo ti wà lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Omi mi ṣẹ́ kù díẹ̀. Ní kìlómítà kẹfà mo sọ̀ kalẹ̀, mo jókòó sórí ògiri kékeré etí títì, ojú ń ṣú mi.

Kò pẹ́ ni mo gbọ́ ohùn. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀, ó ń kà, ní Yorùbá, "mókànlélógún, méjìlélógún, mẹ́tàlélógún," ó ń ka ìgbà tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹ̀ bá tẹ pẹ́dà, tó bá dé ọgọ́rùn-ún á tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan. Ìyára tó fi bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ ló ṣì wà lórí ẹ̀. Ó dúró, ó yọ ìgò ẹ̀, ó fún mi, ó ṣì kún ju ìdajì lọ. "Bàámi kì í yára níbi òkè," ó ní, "wọ́n máa ń sọ fún mi pé agbára tó o ní nísàlẹ̀, òkè ló ni ín, ìwọ kàn ń bá a gbé e lọ ni." Ọdún kejìdínlógún rèé tí bàbá wa lọ. Mi ò gbọ́ gbólóhùn yẹn rí, torí èmi ni àbígbẹ̀yìn, ìgbà tí mo fi dàgbà wọn ò gun kẹ̀kẹ́ mọ́.

Mo mu omi, mo jẹ dàbínù mẹ́rin, mo gun kẹ̀kẹ́ mi, mo sá tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Èmi náà ń kà. Àwọn ọmọ Jámánì méjì kọjá wa, wọ́n kí wa, a kí wọn, a ò dá kíkà dúró. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 34 la fi gùn ún láti ìsàlẹ̀, àwa méjèèjì papọ̀ la kọjá abẹ́ afárá kókó táì yẹn. Lókè ẹ̀gbọ́n mi ò sọ̀rọ̀, ó kàn ń rẹ́rìn-ín, omijé wà lójú ẹ̀, bóyá òógùn ni, mi ò bi í.

Kìlómítà 90 àti díẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ ká tó délé. Gààrí tútù, ẹ̀pà, oorun.

Wẹ́sìdeè

Ìsinmi. Mo fọ ṣéènì kẹ̀kẹ́ méjèèjì, mo fi epo sí i, mo wo búrèkì, ti ẹ̀gbọ́n ti jẹ díẹ̀ lẹ́yìn, torí ó máa ń di búrèkì mú láìdẹwọ́ tó bá ń sọ̀kalẹ̀, mo ní "Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa fún un ṣókí-ṣókí, ẹ tún jọ̀wọ́ ẹ̀, kó lè rí àyè tutù." Ó gbọ́. Òkun tutù ju ká wẹ̀ lọ.

Tọ́sìdeè

A kó lọ sí Sóller, aṣọ díẹ̀ nínú báàgì kékeré tí a so mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó kẹ̀kẹ́, a gba orí òkè já. Ọ̀nà kan náà dé ibi tí ti Sa Calobra ti yà, ẹ̀gbọ́n juwọ́ sí i, a lọ tààrà. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni adágún méjì tí wọ́n sé odò dá, Gorg Blau àti Cúber, omi àwọ̀ ewé láàárín òkúta eérú, kò sí ilé kan, kò sí ariwo kan àfi agogo ọrùn àgùntàn. Tí ẹ bá lè ṣe ọjọ́ kan péré lórí erékùṣù yìí, ẹ fi Sa Calobra sílẹ̀, ẹ wá síbí. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa bá mi jiyàn.

Puig Major wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa, kò sẹ́ni tó lè dé orí ẹ̀, àwọn ológun ló ni ín. Títì gba tọ́nẹ́ẹ̀lì kan lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ní bíi mítà 850, tó o bá ti jáde, kìlómítà 14 ni o máa sọ̀kalẹ̀ dé Sóller láìtẹ pẹ́dà. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó wọ tọ́nẹ́ẹ̀lì, kì í ṣe lẹ́yìn ẹ̀. Èmi ò wọ tèmi, ìka mi kú débi pé mi ò mọ̀ bóyá mo ń fún búrèkì tàbí mi ò fún un, mo dúró lẹ́ẹ̀mejì láti fi ọwọ́ sábẹ́ abíyá.

Sóller wà nínú àfonífojì, igi ọsàn yí i ká, òórùn òdòdó ọsàn ló pàdé wa kí ìlú tó pàdé wa. Reluwé onígi tó ń lọ sí Palma ti wà níbẹ̀ láti 1912, tíráàmù tó ń lọ sí etíkun láti 1913, irin tíráàmù yẹn ló gbé mi ṣubú. Ó wà lójú títì gan-an, táyà mi tín-ín-rín, mo fẹ́ gé e kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀, táyà bọ́ sínú ihò irin, mo bára mi nílẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́ mi bó, kẹ̀kẹ́ ò ṣe nǹkan kan. Obìnrin àgbà kan sáré jáde pẹ̀lú omi àti aṣọ, ó ń bá mi sọ èdè Catalan, mi ò gbọ́ ọ̀kan, mo ṣá ń sọ "ẹ ṣé, mà" torí kò sí nǹkan míì tó wá sí mi lẹ́nu. Irin tíráàmù, ẹ gé e kọjá gbọọrọ, bí ẹní ń gé àgbélébùú, tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀.

Fúráìdeè

Deià, Valldemossa, títí dé Banyalbufar, a yí padà. Òkun wà lọ́wọ́ ọ̀tún wa ní àlọ, òkè lọ́wọ́ òsì, kọ́nà lé kọ́nà. Nǹkan tó gba ojú mi jù ni àwọn ògiri. Gbogbo òkè yẹn, láti etí òkun dé ibi tí òkúta ti borí, wọ́n ti gé e ní àkàsọ̀ àkàsọ̀, àkàsọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ògiri òkúta tí kò ní símẹ́ńtì kankan, òkúta lórí òkúta ni, igi ólífì lórí ẹ̀, tàbí àjàrà ní Banyalbufar, ojú omi kéékèèké tí àwọn Mùsùlùmí tó jọba níbẹ̀ láyé àtijọ́ fi pín omi ṣì wà. Torí iṣẹ́ ọwọ́ yìí ni UNESCO fi kọ Tramuntana sára àwọn ogún àgbáyé ní 2011. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn àgbẹ̀ ló kọ́kọ́ gun òkè yìí, kì í ṣe ẹni tó ní kẹ̀kẹ́. A dúró wo bàbá kan tó ń tún ògiri tó wó ṣe, á gbé òkúta, á yí i lẹ́ẹ̀mẹta, á gbé e sílẹ̀, á mú òmíràn. Ìdajì wákàtí la fi wò ó, ẹsẹ̀ wa ti gan ká tó kúrò níbẹ̀.

Sátidé

Coll de Sóller, òpin rẹ̀. Kìlómítà méje sókè láti Sóller, mítà 497, a tún sọ̀ sí apá Palma. Wọ́n ti gbẹ́ tọ́nẹ́ẹ̀lì sábẹ́ òkè yìí láti 1997, owó ni mọ́tò máa ń san tẹ́lẹ̀ kí ó tó kọjá, láti òpin 2017 ó ti di ọ̀fẹ́, kò sì sí mọ́tò tó tún fẹ́ gun òkè mọ́. Wọn ò gba kẹ̀kẹ́ láyè nínú tọ́nẹ́ẹ̀lì. Gbogbo títì òkè wá di tiwa, kọ́nà tó lé ní àádọ́ta tó o bá ka ìhà méjèèjì pọ̀, ẹyẹ, igi ólífì, àti ohùn ẹ̀gbọ́n mi tó ń kà níwájú mi. Kì í ṣe ìṣísẹ̀ ló ń kà lónìí, kọ́nà ni.

Lókè a pe Màámi ní Ìkẹ́rẹ́ lórí WhatsApp, fídíò, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì wọn já lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tún pe padà. "Ẹ ti dé òkè?" "A ti dé, mà." "Ẹ jẹ́ n rí kẹ̀kẹ́ yín." Ẹ̀gbọ́n yí fóònù sí i. Wọ́n wò ó, wọ́n wò ó. "Kò ní kàríà," wọ́n ní. "Níbo lẹ ń di ẹrù sí?"

Ẹ̀gbọ́n ní kò sí ẹrù, mà. Wọ́n ní "Háà, bàbá yín ì bá ti fẹ́ gun èyí."

A wọ jákẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, ó ń fún búrèkì ṣókí-ṣókí, mo tẹ̀ lé e.